Iná check engine ń tàn nínú Camry 1994, sikánà ò sì wọ̀ ọ́: ṣé ó ṣeé kà nílé?

Bàbá kan, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, tí wọ́n ń gbé ní Ìṣẹ́yìn, ló bi mí ní ìbéèrè yìí. Mo gé e kúrú díẹ̀:

"Ọ̀gá mẹkáníìkì, ẹ kú iṣẹ́ o. Toyota Camry 1994 ni mo ń wà, ẹ́ńjìnì 2.2, èyí tí àwọn ọmọ ń pè ní orobo. Iná check engine ti ń tàn ó ti tó oṣù mẹ́ta. Láàárọ̀ mo máa ń sítáàtì ẹ̀ tó ìgbà mẹ́rin, márùn-ún kó tó gbà, àmọ́ tó bá ti gbóná tán kò sí wàhálà kankan mọ́. Ríwáyà àdúgbò wa gbé sikánà, ẹ̀rọ tó ń ka àìsàn ọkọ̀, wá, kò rí ibi tó máa kì í bọ̀, ló bá ní brain box, kọ́ńpútà tó ń darí ẹ́ńjìnì, ló bàjẹ́, kí n lọ ra òmíràn. Ọmọ mi tó wà ní London ní kí n ní sùúrù, pé ó ṣeé kà nílé láìsí sikánà. Ṣé òótọ́ ni? Kí ni mo máa lò?"

Bàbá, ẹ kú àárọ̀ o, inú mi dùn gan-an pé ẹ béèrè kí owó tó jáde lápò. Òótọ́ pọ́ńbélé ni ọmọ yín sọ. Camry yín ṣeé kà nílé, wáyà kékeré kan tí kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ lẹ máa lò, iná check engine tó ń dà yín láàmú yẹn gan-an ló sì máa sọ̀rọ̀ fún yín. Ó máa ń ṣẹ́jú ni. Ẹ máa ka iye ìgbà tó ṣẹ́jú bí ẹ ṣe ń ka iye ìgbà tí agogo iléèwé dún.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìdí tí sikánà ríwáyà yẹn ò fi rí ibi wọlé, kí ọkàn yín lè balẹ̀. Sikánà tó wà lọ́wọ́ gbogbo èèyàn báyìí, títí kan èyí kékeré tí wọ́n ń fi Bluetooth so mọ́ fóònù, OBD2, ìyẹn ìlànà kan náà tí gbogbo kọ́ńpìnnì fi ń kọ àìsàn ọkọ̀, ni gbogbo wọn ń kà, sọ́kẹ́ẹ̀tì oníhò 16 tó máa ń wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù ni wọ́n sì ń wá. Amẹ́ríkà ló sọ ọ́ di dandan fún ọkọ̀ tuntun tí wọ́n bá tà lọ́dọ̀ wọn láti 1996. Ní Yúróòpù, ó di 2001 kí wọ́n tó fi dandan mú un fún ọkọ̀ tó ń lo bẹntiróòlù, ti onídísẹ̀lì tún pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyẹn ni pé tokunbo tó ti Amẹ́ríkà wọlé, tó bá ti jẹ́ 1996 sókè, sikánà máa wọ̀ ọ́, àmọ́ èyí tó gba Cotonou wọlé láti Belgium tàbí Jámánì, ẹ lè rí 1999 tí kò ní in rárá. Ti yín jẹ́ 1994. Láyé ìgbà yẹn California ti ní kí ọkọ̀ máa yẹ ara ẹ̀ wò, kó tan iná tí nǹkan bá bàjẹ́, láti 1988 ni wọ́n ti ń béèrè fún un, àmọ́ kò sẹ́ni tó ní kí gbogbo kọ́ńpìnnì lo sọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà tàbí nọ́ńbà kan náà, ló jẹ́ kí Toyota máa sọ èdè Toyota, kí Honda máa sọ ti Honda, kí Nissan náà dá tiẹ̀ sọ.

Torí náà, ẹni tí sikánà ẹ̀ ò wọlé, tó wá ní brain box ló bàjẹ́, ó dà bí ẹni tó kan ilẹ̀kùn tí wọn ò dá a lóhùn, tó wá ń kígbe pé onílé ti kú. Ó máa ń dùn mí tí mo bá gbọ́ ọ. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, brain box orobo tó bàjẹ́ lóòótọ́ tí mo fọwọ́ ara mi kàn ò pọ̀ rárá, àwọn tó sì bàjẹ́ náà, omi ló wọ inú wọn tàbí kó jẹ́ pé ẹnì kan ló gbé bátìrì sí i sódì. Babaláwo tí ò tíì dá'fá ò ní bẹ̀rẹ̀ sí í já ewé. Ẹ jẹ́ ká dá'fá ọkọ̀ náà ná.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe, kò tíì kan wáyà. Ẹ wọlé jókòó, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ sí ON, ẹ má sítáàtì. Gbogbo iná ojú dáṣíbọ́ọ̀dù ló yẹ kó tàn, bátìrì, ọ́ìlì, check engine, gbogbo ẹ̀. Ti yín ti ń tàn, ìyẹn dáa. Mo ń sọ ọ́ fún àwọn míì tó máa ka èyí ni, torí àwọn tó ń ta ọkọ̀ máa ń yọ gílóòbù check engine kúrò, tàbí kí wọ́n fi téèpù dúdú bò ó látẹ̀yìn, kí oníbàárà má bàa béèrè ọ̀rọ̀. Iná tí kò bá tàn rárá nígbà tí kọ́kọ́rọ́ wà ní ON, ẹrù tó yẹ kó bà yín ju ti èyí tó ń tàn lọ.

Ẹ wá pa á. Ẹ rí i pé bátìrì dáa, kó má lọ sílẹ̀ ju volt 11 lọ. Ẹ pa A/C, rédíò àti gbogbo iná, kí jíà wà ní P tó bá jẹ́ ọ́tò, kó wà ní fíríì tó bá jẹ́ mánúà, kẹ́ ẹ má sì fẹsẹ̀ kan tọ́tù rárá. Nǹkan wọ̀nyí ṣe pàtàkì o, torí tí A/C bá wà lórí, tàbí tí jíà ò sí ní P, tàbí tí ẹ bá ń tẹ tọ́tù, ọkọ̀ yẹn máa pe kóòdù 51 fún yín (kóòdù ni nọ́ńbà tí ọkọ̀ fi ń sọ ibi tó ń dùn ún), ẹ sì lè máa wá àìsàn tí kò sí níbẹ̀.

Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ máa wá àpótí ike kékeré kan, ó máa ń dúdú tàbí kó ní àwọ̀ eérú, ó ní ìdérí tó ń ṣí bí ìdérí páálí ìṣáná, wọ́n kọ DIAGNOSIS sórí ẹ̀ gàdàgbà. Ó sábà máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí orí shock absorber iwájú wà. Tó bá ti dọ̀tí, ẹ fi aṣọ nù ún kẹ́ ẹ lè rí ìwé tó wà lára ẹ̀. Tí ẹ bá ṣí ìdérí yẹn, ẹ wo inú ìdérí náà fúnra ẹ̀, wọ́n ya àwòrán àwọn ihò náà síbẹ̀, wọ́n kọ orúkọ ihò kọ̀ọ̀kan. Ẹ ti jẹ́ tíṣà, mo mọ̀ pé ẹ máa kà á yé. Méjì péré la nílò: TE1 àti E1.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀ nìyí. Ihò kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ +B. Iná bátìrì ló ń dé ibẹ̀. Tí ẹ bá ṣèèṣì fi wáyà so +B mọ́ E1, wáyà máa gbóná lọ́wọ́ yín, fíúsì lè jó, nǹkan míì náà sì lè bá a lọ. Àwa mẹkáníìkì máa ń so +B mọ́ Fp ká lè gbọ́ bóyá póńpù epo ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ tòní, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ ka orúkọ ihò náà lẹ́ẹ̀mejì, ẹ fi ìka tọ́ka sí i, kẹ́ ẹ tó ki nǹkan kan bọ̀ ọ́. Tí ojú bá ń ṣe bàìbàì, ẹ pe ọmọdé kan kó bá yín kà á.

Wáyà náà, klíìpù tí wọ́n fi ń mú ìwé pọ̀ dáa, ẹ nà án kó gùn, kẹ́ ẹ ká a bíi lẹ́tà U. Wáyà iná kékeré tẹ́ ẹ bó lórí méjèèjì náà máa ṣe é. Kọ́kọ́rọ́ wà ní OFF, ẹ fi orí kan sí TE1, orí kejì sí E1, ẹ rí i pé ó mú irin inú ihò náà dáadáa. Ẹ wá lọ yí kọ́kọ́rọ́ sí ON. Ẹ má sítáàtì.

Ẹ wo iná check engine. Tó bá ń ṣẹ́jú kíá-kíá-kíá láìdúró, bí ẹ̀ẹ̀mejì láàárín sẹ́kọ́ńdù kan, ó ń sọ pé òun ò rí nǹkan kan kọ sílẹ̀ nìyẹn. Tí nǹkan bá wà, ó máa ṣẹ́jú níye kan, ó máa sinmi bíi sẹ́kọ́ńdù kan ààbọ̀, ó máa tún ṣẹ́jú níye míì. Iye àkọ́kọ́ ni nọ́ńbà tó wà níwájú, iye kejì ni ti ẹ̀yìn. Tó bá ṣẹ́jú ẹ̀ẹ̀mejì, tó sinmi, tó tún ṣẹ́jú ẹ̀ẹ̀mejì, 22 nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, ìsinmi, ẹ̀ẹ̀kan, 41 nìyẹn. Tó bá ju kóòdù kan lọ, ó máa dúró bíi sẹ́kọ́ńdù méjì ààbọ̀ láàárín wọn, èyí tó kéré jù ló máa kọ́kọ́ pè. Tó bá pe gbogbo ẹ̀ tán, ó máa dákẹ́ bíi sẹ́kọ́ńdù mẹ́rin ààbọ̀, á tún bẹ̀rẹ̀ látòkè. Ẹ̀ẹ̀kan kọ́ lẹ máa kà á, ẹ jẹ́ kó yípo tó ẹ̀ẹ̀mẹta, ojú máa ń tan èèyàn nígbà àkọ́kọ́. Ohun tí èmi máa ń sọ fún àwọn oníbàárà mi ni pé kí wọ́n gbé fóònù lé e, kí wọ́n gbà á sílẹ̀ ní fídíò, kí wọ́n wá jókòó kà á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ẹ sì lè fi fídíò yẹn ránṣẹ́ sí ọmọ yín ní London kó bá yín kà á.

Kí ni àwọn nọ́ńbà náà ń sọ? Nínú Camry yín, 12 àti 13 ń sọ nípa bí brain box ṣe ń mọ̀ pé ẹ́ńjìnì ń yí, inú distributor, èyí tó ń pín iná fún pílọ́ọ̀gì, ni ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í wò. 14 jẹ́ ti ìtàná pílọ́ọ̀gì, ìgbà tí 14 bá sì wà, brain box máa ń dá epo dúró ni, ọkọ̀ lè má sítáàtì rárá. 21 jẹ́ ti oxygen sensor tó wà lára ẹ̀gúsọ́ọ̀sì. 22 jẹ́ ti sẹ́ńsọ̀ tó ń wo bí omi ẹ́ńjìnì ṣe gbóná tó, 24 jẹ́ ti èyí tó ń wo afẹ́fẹ́ tó ń wọlé. 25 ní epo kéré jù, 26 ní epo pọ̀ jù. 31 jẹ́ ti vacuum sensor tó ń wọn bí ẹ́ńjìnì ṣe ń fa afẹ́fẹ́, 41 ti sẹ́ńsọ̀ tọ́tù, 42 ti èyí tó ń mọ bí ọkọ̀ ṣe ń sáré tó, 52 ti knock sensor tó ń gbọ́ bí ẹ́ńjìnì bá ń kan, 71 ti EGR tó ń dá èéfín díẹ̀ padà sínú ẹ́ńjìnì. Wọ́n ṣì kù, àmọ́ àwọn wọ̀nyí ló máa ń jáde jù.

Bàbá, ibí lọ̀rọ̀ wà o, tí ẹ bá gbàgbé gbogbo èyí tó kù ẹ jọ̀ọ́ ẹ má gbàgbé èyí. Kóòdù ò sọ pé kẹ́ ẹ lọ ra nǹkan. Ohun tó ń sọ ni pé lójú ọ̀nà báyìí, láti ibi sẹ́ńsọ̀ yìí dé ọ̀dọ̀ brain box, ọ̀rọ̀ tó ń dé etí òun ò bọ́gbọ́n mu. Sẹ́ńsọ̀ lè bàjẹ́ lóòótọ́, àmọ́ wáyà lè já, sọ́kẹ́ẹ̀tì lè dípẹtà, eku lè ti jẹ ẹ́, ríwáyà tó wá lọ́dún tó kọjá lè ti já a kó sì lọ́ ọ pọ̀ láìfi téèpù wé e.

Ọdún tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fíríìdọ̀mù, dírẹ́bà tasín kan gbé orobo wá bá mi n'Íbàdàn, mo kà á, ó pe 21, mo ní kó lọ ra oxygen sensor l'Áràrọ̀mí ní Gate. Owó tó fi rà á, owó iṣẹ́ bí ọjọ́ mẹ́rin ni. Mo dè é, mo pa kóòdù rẹ́, ó lọ. Ọjọ́ kejì ló padà dé, iná ti tàn, 21 ni. Ìgbà yẹn ni mo tó dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ kí n wo wáyà fúnra ẹ̀, mo wá rí i pé ó ti fara kan ẹ̀gúsọ́ọ̀sì, rọ́bà ara ẹ̀ ti yọ́, wáyà inú ti kan irin. Wáyà tí kò tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá ni. Mo dá owó bàbá yẹn padà díẹ̀díẹ̀ títí mo fi san án tán, láti ọjọ́ yẹn ni mi ò ti jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ra sẹ́ńsọ̀ kí n tó tọ wáyà ẹ̀ láti orí dé ìdí.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ti yín gan-an. Ẹ ní àárọ̀ ló máa ń ṣòro láti sítáàtì, tó bá gbóná tán kò sí nǹkan mọ́. Mi ò tíì rí ọkọ̀ náà, ẹ gbọ́dọ̀ kà á kó tó dájú, àmọ́ tí ẹ bá ní kí n mú nọ́ńbà kan, 22 ni mo máa mú. Ìdí ni pé, tí brain box Toyota ò bá gbọ́ nǹkan gidi látọ̀dọ̀ sẹ́ńsọ̀ omi, kì í kàn jókòó, ó máa ń fi ìwọ̀n kan tí wọ́n ti kọ́ ọ dípò, ó máa gbà pé omi wà ní 80°C. Ẹ wò ó, láàárọ̀ kùtùkùtù ẹ́ńjìnì tútù, ó yẹ kí brain box fún un ní epo púpọ̀ kó lè gbéra, àmọ́ ó rò pé ó ti gbóná, ó wá ń fún un ní epo bíńtín. Ẹ máa sítáàtì títí kó tó gbà. Ìgbà tó bá wá gbóná lóòótọ́, tó dé nǹkan bíi 80 yẹn, irọ́ àti òótọ́ ti pàdé, ọkọ̀ á máa lọ bí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe. Bí ẹ ṣe ṣàlàyé ẹ̀ gẹ́lẹ́ nìyẹn.

Tó bá jẹ́ 22 ló pè, ẹ lọ wá sẹ́ńsọ̀ náà, ó wà níbi tí omi ti ń jáde lára orí ẹ́ńjìnì. Ẹ máa rí méjì, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n ṣi ara wọn mọ́ yín lọ́wọ́: èyí tó ní wáyà kan ṣoṣo, ti ọwọ́ gééjì ojú dáṣíbọ́ọ̀dù ni, kò kan brain box. Èyí tó ní wáyà méjì, sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀ sábà máa ń ní àwọ̀ ewé, òun là ń wá. Mo ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà tí wọ́n ra oní-wáyà kan, tí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀, tí iná ò kú, tí wọ́n wá sọ pé brain box ni.

Ẹ fa sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn yọ. Kí ẹ tó ṣe nǹkan míì, ẹ wo inú ẹ̀. Tí ẹ bá rí nǹkan tó ní àwọ̀ ewé bí ìpẹtà bàbà, tàbí tí irin kan ti tẹ̀ wọnú, ó ṣeé ṣe kí iṣẹ́ ti parí níbẹ̀. Ẹ nù ún, ẹ fi nǹkan tín-ínrín hà á, ẹ kì í padà, ẹ pa kóòdù rẹ́, ẹ wò ó fún ọjọ́ méjì.

Tó bá mọ́ tónítóní, ẹ wá mítà, àwọn tó ń ṣe rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ládùúgbò máa ní in, ẹ yá a. Ẹ gbé e sí ohm, ẹ fi wọn ẹsẹ̀ méjì ara sẹ́ńsọ̀ náà láàárọ̀ kí ẹ́ńjìnì tó gbóná rárá. Ní nǹkan bíi 20°C, ìyẹn àárọ̀ ọyẹ́ lọ́dọ̀ yín, ó yẹ kó wà láàárín 2,000 sí 3,000 ohm. Tí ojú ọjọ́ bá gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ ó máa kéré díẹ̀ sí i. Ẹ kì í padà, ẹ sítáàtì ọkọ̀, ẹ jẹ́ kó gbóná dáadáa, ẹ pa á, ẹ tún un wọ̀n, ó yẹ kó ti lọ sílẹ̀ sí 200 sí 400 ohm ní 80°C. Ẹ ṣọ́ra kí omi gbígbóná má jó yín, ẹ má ṣí rádíétọ̀ o. Tí mítà bá sọ pé kò sí nǹkan tó ń kọjá rárá, tàbí tó ní òfo, sẹ́ńsọ̀ ti kú, ẹ ra òmíràn, kò wọ́n.

Tí sẹ́ńsọ̀ bá pé, ẹ gbé mítà sí volt, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ sí ON, ẹ fi wọn inú sọ́kẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ fà yọ, láàárín wáyà méjèèjì. Nǹkan bíi volt 5 ló yẹ kó wà níbẹ̀, brain box ló ń fi ránṣẹ́. Tí 5 bá wà, brain box yín ń ṣiṣẹ́, wáyà yín dáa, ẹ ti rí i pẹ̀lú ojú yín, kí ríwáyà máa lọ. Tí 5 ò bá sí, ẹ tọ wáyà yẹn títí dé ìdí brain box kẹ́ ẹ wá ibi tó ti já. Ìgbà tí wáyà bá pé lódindi, tí brain box ń gba iná, tí wáyà earth ẹ̀ dáa, tí volt 5 ò sì jáde lẹ́nu ẹ̀, ìgbà yẹn nìkan lèmi máa gbà pé ká sọ̀rọ̀ brain box. Ẹ rí i bí ọ̀nà ṣe jìn tó láti "sikánà ò wọlé" dé "ẹ lọ ra brain box."

Nǹkan kan wà tí kóòdù ò lè sọ fún yín. Brain box ìgbà yẹn ò gbọ́n tó ti òde òní. Sẹ́ńsọ̀ tó bá dákẹ́ pátápátá, tàbí tó ń pariwo, òun ló máa ń kọ sílẹ̀. Èyí tó bá ń parọ́ díẹ̀díẹ̀, tí irọ́ ẹ̀ ṣì jọ òótọ́, kò lè mú un. Sẹ́ńsọ̀ omi tó ń sọ pé 30°C nígbà tí ẹ́ńjìnì ti wà ní 85, kò ní kóòdù, iná ò ní tàn, àmọ́ ọkọ̀ yẹn máa mu epo bí ìgbín ṣe ń mu omi òjò. Vacuum sensor náà bẹ́ẹ̀, hóòsì rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló so ó mọ́ ẹ́ńjìnì, tí hóòsì yẹn bá ti la, sẹ́ńsọ̀ á máa rò pé dírẹ́bà tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀, epo á máa ya wọlé, èéfín dúdú á máa jáde, ẹ sì lè má rí 31 nítorí iná sẹ́ńsọ̀ náà pé. Hóòsì yẹn ò tó owó oúnjẹ ọ̀sán. Mo sì gbọ́dọ̀ fi thermostat, ìlẹ̀kùn kékeré tó ń dá omi ẹ́ńjìnì dúró títí á fi gbóná, kún un, torí àṣà burúkú kan tó wà láàárín àwa mẹkáníìkì: tí ọkọ̀ bá ti gbóná lẹ́ẹ̀kan, a máa yọ thermostat jù nù, a ní ilẹ̀ wa ò nílò ẹ̀. Ó nílò ẹ̀ o. Ẹ́ńjìnì tí kò ní thermostat kì í tètè gbóná débi tó yẹ, pàápàá lójú ọ̀nà márosẹ̀ láàárọ̀, brain box á máa fún un ní epo ẹ́ńjìnì tútù. Tí wọ́n bá ti yọ ti yín, ẹ jẹ́ kí wọ́n dá a padà.

Pípa kóòdù rẹ́. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ nínú ìwé kẹ́ ẹ tó pa á rẹ́, ẹ kọ déètì sí i. Ẹ yọ klíìpù kúrò, kọ́kọ́rọ́ wà ní OFF, ẹ ṣí àpótí fíúsì tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ wá èyí tí wọ́n kọ EFI sí, 15A ni, ẹ fà á yọ. Sẹ́kọ́ńdù mẹ́wàá ni ìwé Toyota sọ ó kéré tán, èmi máa ń fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan. Ẹ dá a padà, ẹ wa ọkọ̀, ẹ tún un kà lọ́jọ́ kejì. Yíyọ wáyà orí bátìrì náà máa pa á rẹ́, àmọ́ rédíò máa gbàgbé gbogbo ilé iṣẹ́ tẹ́ ẹ ti tò sí i. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń bẹ àwọn èèyàn pé kí wọ́n ka kóòdù kí ẹni tó fẹ́ pààrọ̀ bátìrì tó dé, torí tó bá ti yọ bátìrì, ó ti gbé ẹ̀rí lọ.

Tó bá jẹ́ irú àìsàn tó ń wá tó ń lọ, tó jẹ́ pé bí ẹ bá ti gbé e débi mẹkáníìkì ló máa ń dákẹ́, ọ̀nà míì wà. Kọ́kọ́rọ́ ní OFF, ẹ so TE2 mọ́ E1 dípò TE1, ẹ wá yí i sí ON, iná máa ń ṣẹ́jú kíákíá ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ sítáàtì, ẹ wà á kó ju 10 km/h lọ, ẹ gbọn wáyà tí ẹ bá fura sí. Nínú ipò yìí brain box máa ń lágbára láti rí nǹkan kékeré. Tí ẹ bá dé, ẹ má pa á, ẹ fi wáyà míì so TE1 mọ́ E1, kó pe ohun tó rí. Tí ẹ ò bá wà á kọjá 10 yẹn, ó máa pe 42, tí ẹ ò bá sítáàtì ẹ̀, á pe 43, ìyẹn ò túmọ̀ sí nǹkan kan.

Mo tún rántí nǹkan kan. Klíìpù kan náà yìí, TE1 sí E1, òun la fi ń ṣe timing ẹ́ńjìnì yẹn, ìyẹn àkókò tí pílọ́ọ̀gì máa tanná. Tí ẹ́ńjìnì bá ti gbóná, tó ń ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́, tí klíìpù wà níbẹ̀, brain box máa jọ̀wọ́ timing, wọ́n á wá fi timing light gbé e sí 10° kí písítìn tó dé òkè. Ẹni tó bá ń yí distributor yín pẹ̀lú etí nìkan, láìfi klíìpù síbẹ̀, brain box ń bá a yí i padà lábẹ́lẹ̀ ni, ohun tó rò pé òun gbé sílẹ̀ kọ́ ló gbé sílẹ̀. Tí mẹkáníìkì yín bá ti fọwọ́ kan distributor yẹn láìpẹ́ yìí, ẹ bi í.

Fún ẹ̀yin tó ń wa nǹkan míì, ní ṣókí. Honda Accord 1990 sí 1993, sọ́kẹ́ẹ̀tì oníhò méjì kan máa ń rọ̀ lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù níwájú ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà, ẹ fi klíìpù so ihò méjèèjì, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ sí ON, tí iná bá ṣẹ́jú tó pẹ́, mẹ́wàá-mẹ́wàá ni, èyí tó kúrú jẹ́ oókan-oókan, gígùn kan àti kúkúrú mẹ́rin jẹ́ 14. Nọ́ńbà Honda ò jọ ti Toyota, sẹ́ńsọ̀ omi jẹ́ 6 lọ́dọ̀ wọn. Tí ẹ bá rí oníhò mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ nínú Honda míì, ẹ má fọwọ́ kàn án. Nissan ìgbà yẹn, bíi Primera àkọ́kọ́, ara brain box fúnra ẹ̀ ni wọ́n ti ń kà á, ìdè kékeré kan wà lára ẹ̀ tí wọ́n ń fi screwdriver yí lọ sápá ọ̀tún títí, wọ́n á dúró bíi sẹ́kọ́ńdù méjì, wọ́n á yí i padà, 55 túmọ̀ sí pé nǹkan kan ò ṣe é. Ẹ yí i jẹ́jẹ́, ó máa ń ṣẹ́. Benz V-boot ní tiẹ̀, ẹ má fi klíìpù sún mọ́ ọn, ó ní irinṣẹ́ tiẹ̀, ẹ gbé e lọ bá ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Bàbá, ohun tí mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu yín báyìí, nọ́ńbà méjì ni. Àkọ́kọ́, kóòdù tí iná yẹn pè, gbogbo ẹ̀ pátá tó bá ju ẹyọ kan lọ. Ìkejì, tó bá jẹ́ 22 ló wà níbẹ̀, iye ohm tí sẹ́ńsọ̀ oní-wáyà méjì yẹn sọ láàárọ̀ kùtùkùtù kí ẹ tó sítáàtì. Tí ẹ bá fi méjèèjì ránṣẹ́, màá sọ fún yín bóyá Ìṣẹ́yìn níbẹ̀ lẹ ti máa tún un ṣe tàbí kẹ́ ẹ gbé e wá bá mi n'Íbàdàn. Títí dìgbà yẹn, ẹ má jẹ́ kí ríwáyà yẹn yọ brain box yín o, kódà tó bá ní òun kàn fẹ́ lọ wò ó ni.